Ìwé Ìtàn Ìfẹ́ Onígbàgbọ́ ti Ayé Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Òǹkàwé Ìbàdàn

Àwọn tó ń ra ìwé, àwọn tó ń yá a, àti àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ òǹkàwé nínú ìjọ ló máa ń béèrè àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jù. Ẹ fo èyí tí kò bá kàn yín.

Irú ìwé wo gan-an lẹ ń sọ?

Ìtàn àròsọ ni. Ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ jọ wà nínú rẹ̀: ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó máa ń já sí ìgbéyàwó, ìrìn ìgbàgbọ́ ọ̀kan nínú wọn tàbí àwọn méjèèjì, àti àkókò àtijọ́ kan tí òfin àti àṣà rẹ̀ ń pinnu ohun tí wọ́n lè ṣe. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Bí ìtàn náà bá ṣì dúró láìsí ìgbàgbọ́, tí àdúrà inú rẹ̀ kò yí ìpinnu ẹnikẹ́ni padà, wọ́n kàn wọ́n ẹsẹ Bíbélì lé e lórí ni. Bó bá sì dúró láìsí ayé àtijọ́, aṣọ gígùn àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin nìkan ló kù nínú ìtàn ibẹ̀.

Pé ìwé kan kò ní ìbálòpọ̀ nínú kò sọ ọ́ di ìwé Kristẹni. Ọ̀pọ̀ ìwé ìfẹ́ ló mọ́ tónítóní tí kò sì dárúkọ Ọlọ́run láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ sì wo orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Bethany House, Revell, Tyndale, Thomas Nelson àti Barbour wà lára àwọn tó ń tẹ ti onígbàgbọ́.

Irú ìwé yìí ti pẹ́. Grace Livingston Hill, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1947, ti kọ ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ kí ó tó di pé wọ́n ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọjà. Ọdún 1979 ni ọ̀rọ̀ yí padà, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ Janette Oke, ará Kánádà, jáde láti Bethany House tí ó sì tà wàràwàrà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé Kristẹni tó kù bá wọ ọjà náà. (Oke tirẹ̀ kì í ṣe ti Òkè-Àdó o.)

Ṣé kò lòdì sí ìgbàgbọ́ láti máa ka ìwé ìfẹ́?

Ìwé Rúùtù wà nínú Bíbélì, Orin Sólómọ́nì náà wà níbẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù. Ọkùnrin inú ìwé kì í pẹ́ tọrọ àforíjì, kì í sì í sí ìyá ọkọ, owó ilé, tàbí àna tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sùn fún oṣù mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó bá fi ìyẹn díwọ̀n àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yóò rí i pé ọkùnrin gidi máa ń kéré sí ìwọ̀n náà.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó dá dúró, tí kò ju ojú ìwé 250 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà: ẹ̀gbọ́n ló gbéyàwó nínú ìwé kìíní, àbúrò nínú ìkejì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ka ìkẹta, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ̀gbọ́n fẹ́, adùn ìwé kìíní ti lọ nìyẹn. Ojú ìwé tó kọjú sí àkọlé nínú ìwé, tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n máa ń to ọ̀wọ́ náà sí. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ kì í sábà ní gbogbo ọ̀wọ́ lọ́wọ́, yóò sì fi ìkejì lé yín lọ́wọ́ bí ẹni pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti àkókò, ìwé olójú ìwé 300 máa ń ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ka igba ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan yóò lo wákàtí méje àbọ̀. Ojú ìwé ogún lójoojúmọ́, tí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, yóò parí rẹ̀ ní ọjọ́ 15.

Ayé Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó wà nínú wọn kò yé mi. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀?

Òfin ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1862, ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tó fún ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 21, tàbí tó jẹ́ olórí ìdílé, láǹfààní láti gba éékà ilẹ̀ 160 lọ́wọ́ ìjọba. Yóò san owó ìforúkọsílẹ̀ táṣẹ́rẹ́, yóò kọ́lé síbẹ̀, yóò sì dáko ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí ó tó di tirẹ̀. Obìnrin tí kò tíì lọ́kọ àti opó lè gbà á. Ìyàwó ilé kò sábà lè gbà á ní orúkọ ara rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti ń ṣú yọ: opó tí ọdún márùn-ún rẹ̀ kò tíì pé, ọkùnrin tó nílò ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ, àwọn méjèèjì wá gbéyàwó láìsí ìfẹ́, ìfẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ òfin yìí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí obìnrin náà kò kúkú padà sílé bàbá rẹ̀. Níbi tí igi kò sí ní pápá ọ̀hún, ilẹ̀ oníkoríko ni wọ́n ń gé bíi búlọ́ọ̀kù láti fi kọ́lé. Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń jò sórí ibùsùn nínú ìwé bẹ́ẹ̀.

Oníwàásù tó ń gun ẹṣin kiri náà kò gbẹ́yìn. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì máa ń fún oníwàásù kan ní àyíká tó gbòòrò, kì í sì í dé abúlé kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ìgbéyàwó àti ìsàmì máa ń dúró dè é, òǹkọ̀wé sì máa ń fi ìdúró yẹn dá wàhálà sílẹ̀.

Bí ìwé náà bá dá lórí ọmọ aláìlóbìí tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ ojú irin láti New York lọ sí ìwọ̀-oòrùn, òtítọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Láti 1854 dé 1929 ni wọ́n fi ń kó àwọn ọmọdé bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ìdílé oníṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn kan rí òbí rere, wọ́n sọ àwọn mìíràn di òṣìṣẹ́ oko lásán.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, àkókò tí wọ́n fẹ́ràn jù ni 1811 sí 1820, nígbà tí ọmọ ọba ń ṣe adelé nítorí àìsàn Ọba George Kẹta. Ọmọge ilé ọlọ́lá kò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọkùnrin, kódà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọgbà. Bí wọ́n bá rí i, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àǹtí àgbà kan fi máa ń jókòó ní kọ̀rọ̀ tó ń hun nǹkan. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Ìbàdàn ti mọ apá kan nínú àṣà náà: kíkéde orúkọ tọkọtaya ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta. Òfin 1753 ní England ló mú un lágbára, ó sì ní kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 tó fẹ́ fi ìwé àṣẹ gbéyàwó gba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀. Òfin náà kò dé Scotland, tó wà ní àríwá England. Nígbà tí ọmọge bá sá gba ọ̀nà àríwá lọ lóru nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ẹ ti mọ ohun tó ń lé e.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé mọ ìtàn tó ń kọ?

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀yìn ìwé. Òǹkọ̀wé tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi ojú ìwé méjì mẹ́ta sọ ohun tó jẹ́ òótọ́, ohun tí òun hùmọ̀, àti ọjọ́ tí òun sún síwá sẹ́yìn. Bí kò bá sí, ẹ wá àwọn àmì wọ̀nyí.

Ìwé kan sọ pé ọdún 1859 ni, ẹnì kan wá fi wáyà ránṣẹ́ láti New York sí California. Kò ṣeé ṣe. 1861 ni okùn wáyà náà tó já dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó so ìlà-oòrùn pọ̀ mọ́ ìwọ̀-oòrùn kò pé títí di oṣù Karùn-ún 1869. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ń sọgbà màlúù kò tíì gbòde ṣáájú 1874. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ àṣìṣe kéékèèké.

Ti ìgbàgbọ́ ló ń ṣí òǹkọ̀wé sílẹ̀ jù. Ọmọge ọdún 1870 tó ń ka ẹsẹ Bíbélì ní èdè Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń ka ìtumọ̀ tí wọn kò tíì ṣe; New International Version kò pé títí di 1978. King James ti 1611 ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fetí sí orin pẹ̀lú: bí ọmọ ogun inú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861 sí 1865) bá ń kọ "It Is Well with My Soul", orin tí kò tíì sí ló ń kọ, nítorí 1873 ni Horatio Spafford kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé ìwé onígbàgbọ́ kò bá yẹ orin ìjọ wò, kí ni ó yẹ̀ wò?

Ohun tó wúwo ju ìyẹn ni ohun tí ìwé náà dákẹ́ lé lórí. Ilẹ̀ éékà 160 yẹn ní onílé tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n lé kúrò. Àwọn ìwé tí ìtàn wọn wà ní oko òwú gúúsù Amẹ́ríkà ṣáájú 1865 tún burú jù: ẹrú á máa rẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná, olówó rẹ̀ á máa gbàdúrà nínú pálọ̀, ìtàn ìfẹ́ á máa lọ geere. Òǹkàwé Yorùbá kò gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ mì bẹ́ẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ kí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Èèyàn bíi tirẹ̀ tí kò rí ẹni gbà wọ́n ló wà ní ilé ìdáná yẹn. Ìwé onígbàgbọ́ tó dára máa ń jẹ́ kí ìgbàgbọ́ olówó ẹrú dojú kọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Kí ni kí n yẹ̀ wò bí mo bá ń ra tòkunbọ̀ ní Dùgbẹ̀ tàbí Agbówó?

Ẹ ṣí ìwé ní àárín, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí gọ́ọ̀mù wà. Àwọn ìwé kéékèèké tó ṣeé fi sí àpò, gọ́ọ̀mù wọn máa ń gbẹ, ó sì máa ń sán. Bí ẹ bá gbọ́ "kẹ́kẹ́" nígbà tí ẹ ṣí i, ewé yóò máa já bọ́ kí ẹ tó dé ìdajì. Ìwé ńlá ẹléèpo rírọ̀ máa ń pẹ́ jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé nọ́ńbà ojú ìwé. Ìdìpọ̀ ojú ìwé 16 tàbí 32 ni wọ́n fi ń to ìwé pọ̀, nítorí náà bí nǹkan bá sọnù láti ilé ìtẹ̀wé, ó máa ń jẹ́ odidi ìdìpọ̀. Ẹ máa wò láti 1 sí 33, sí 65, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má gbàgbé ìkẹyìn: ojú ìwé tí wọ́n ti fi di ẹ̀pà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìgbéyàwó wà.

Ayédèrú kò ṣòro mọ̀. Tádàwà rẹ̀ ṣá ní ojú ìwé kan, ó dúdú jù ní èkejì. Ìlà ọ̀rọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwòrán èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ẹni pé wọ́n yà á láti inú fóònù. Ojú ìwé tí ọdún àtẹ̀jáde wà kì í sí, tàbí kí ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, tó wà lẹ́yìn yàtọ̀ sí ti inú. Ní ojúlówó, ìlà nọ́ńbà bíi 10 9 8 7 6 5 4 sábà máa ń wà ní ojú ìwé náà. Èyí tó kéré jù ló ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Níbi tí 4 bá ti parí, ìtẹ̀jáde kẹrin ni.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó ń rùn bíi yàrá tí òjò ń jò sí ti bu. Bíbu rẹ̀ á sì ran àwọn ìwé yín tó kù.

Ṣé mo lè kà á lórí fóònù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rọrùn nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ wá èyí tó jẹ́ EPUB, irú fáìlì ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bá ojú fóònù mu. Ìtàn àròsọ kan kì í sábà ju MB mẹ́ta lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣeé sọ di ńlá. PDF ń fẹ́ kí èèyàn máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí fóònù kékeré.

PDF tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp ìjọ jẹ́ olè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alàgbà ló fi ránṣẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022 ń dáàbò bo ìwé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Àwọn tó ti kọjá ìyẹn, bíi ti Grace Livingston Hill, ti bọ́ sí gbangba níbí, ẹ sì lè gba àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg.

Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ le fún mi.

Ẹ má ṣí ìwé atúmọ̀ èdè fún gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ẹ ka orí náà tán, kí ẹ wá wo márùn-ún péré. Aṣọ, oúnjẹ àti kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kò sì kan ìtàn. Ẹ kọ orúkọ àwọn èèyàn inú ìtàn sínú ìwé kékeré, nítorí òyìnbó àtijọ́ fẹ́ràn láti sọ bàbá, ọmọ àti ọmọ ọmọ ní orúkọ kan náà.

Ṣé ó lè rọ́pò ìwé ìfọkànsìn mi?

Rárá. Ìwé ìfọkànsìn ní ọjọ́, ẹsẹ àti àdúrà; ojú ìwé kan ni fún òwúrọ̀ kan. Ìtàn àròsọ kò ṣeé gé bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé fi ṣe ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ló pinnu pé kí àdúrà gbà ní orí 30. Ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ràn láti ṣe jù ni kí ọkùnrin aláìgbàgbọ́ yí padà ní orí tó kẹ́yìn, kí wọ́n lè ṣe ìgbéyàwó láìsí ìjà pẹ̀lú 2 Kọ́ríńtì 6:14, tó ní kí onígbàgbọ́ má ṣe bá aláìgbàgbọ́ dàpọ̀. Bí ìyípadà náà bá wáyé láàárín ojú ìwé mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, tí kò sí ohun tó fà á láti ẹ̀yìn wá, òǹkọ̀wé ló nílò rẹ̀, kì í ṣe ọkùnrin náà.

Báwo la ṣe lè dá ẹgbẹ́ òǹkàwé sílẹ̀ ní ìjọ wa?

Èèyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá tó. Bí ẹ bá ju méjìlá lọ, àwọn mẹ́ta ló máa sọ̀rọ̀ tán. Ẹ pín ìwé sí ìpàdé mẹ́rin, wákàtí kan àti ààbọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi sí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ebi ni yóò darí ìpàdé. Ẹ̀dà ìwé ló máa ń dá ẹgbẹ́ rú: bí ẹ̀dà mẹ́ta péré bá wà fún èèyàn mẹ́sàn-án, ẹ yan ìwé mẹ́ta tí ìtàn wọn wà ní àkókò kan náà, kí ẹni mẹ́ta máa pín ọ̀kan ka. Ìfiwéra wọn a tilẹ̀ mú ìjíròrò dùn.

Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn ìwé sábà máa ń rọ̀ jù. Ẹ fi méjì kún un: kí ni òfin àkókò yẹn kò jẹ́ kí obìnrin yìí lè ṣe? Ta ló wà nínú ilé náà tí òǹkọ̀wé kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀?

Ṣé ti Ìbàdàn tiwa wà?

Ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ tó wáyé ní Ìbàdàn àtijọ́ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn tòótọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ sì lè kà á pẹ̀lú ti òyìnbó. David Hinderer, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, dé Ìbàdàn ní 1851. Ó padà wá ní 1853 pẹ̀lú Anna, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n kọ́ ìwé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, ohun tí wọ́n ń gbà láti òkè òkun kò dé mọ́, wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹun, ilé wọn sì kún fún ọmọdé. Anna kú ní 1870. Ní 1872 ni wọ́n to lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ pọ̀ di ìwé, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí.

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìfẹ́ tí ìtàn rẹ̀ wà ní 1862. Lọ́dún tí opó inú ìtàn ń gba éékà 160, Anna ń wá ohun tí ọmọ ilé yóò jẹ ní Kúdẹtì. Ìgbéyàwó tòótọ́ tí àìsàn, ìyàn àti ogun ń dán wò nìyí, kò sì sí òǹkọ̀wé tó tún òpin rẹ̀ ṣe. Ẹ fọgbọ́n kà á o, nítorí ojú àlejò ló fi wo àwọn baba wa. Samuel Johnson, tó dàgbà lábẹ́ àwọn Hinderer ní Ìbàdàn, kọ ìtàn Yorùbá láti inú ilé; ó parí rẹ̀ ní 1897, ó sì jáde ní 1921. Ẹ lè béèrè wọn ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ sì wà nínú ọgbà yẹn kan náà.

Ní èdè Yorùbá, Hinderer yìí kan náà ló túmọ̀ ìtàn arìnrìn-àjò John Bunyan. Ìtàn Sẹ̀gilọlá tí ìwé ìròyìn Akéde Èkó gbé jáde ní 1929 sí 1930 kún fún ẹsẹ Bíbélì àti ìrònúpìwàdà, àmọ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń já sí ayọ̀.

Ikán àti kòkòrò ń jẹ àwọn ìwé mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fa pẹpẹ kúrò lára ògiri ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ máa wo ògiri náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀nà alámọ̀ tí ikán ń là ló ń kọ́kọ́ hàn. Pẹpẹ onírin sàn ju ti pákó lọ. Ẹ to ìwé ní ìdúró, ẹ má fún un pọ̀ jù, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Tòkunbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ má tò ó mọ́ àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ gbé e sínú fírísà tó ń dì dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí kòkòrò máa ń yè bí òtútù bá ń ṣe ségesège. Nígbà tí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sí ojú ìwé, bíbu á sì gba ipò kòkòrò.